Igbá Kan ní Ìdí Àgbálùmọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ mú mi jáde ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí ẹ gbé mi lọ lẹ́yìn ìlú yẹn dára. Ó mọ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ẹran wọn sì rọ̀ fún eyín àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, ẹ rí i lójú mi pé inú mi kò dùn. Ẹ bi mí, mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa. Olùkọ́ tó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá tún un ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe.

Àwa méje la jókòó ti tábìlì kan, abọ́ méje ló dé iwájú wa. Olúkúlùkù dorí kọ tirẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Mo na ọwọ́ sí abọ́ ẹni tó jókòó tì mí, mo fẹ́ mú ẹran kan níbẹ̀ kí n sì fi dòdò tèmi rọ́pò rẹ̀. Kíá ló fa abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu òmíràn wá fún yín!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

N kò bá yín wí. Ẹni tó yẹ kí a bá wí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin rò pé ìgbà yín ni jíjáde lọ jẹun lópin ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn, tí àwọn ènìyàn ṣì máa ń rìn láti Mápó lọ wo ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tó lọ wo ìyàwó tuntun, àwa náà ń jáde. Odi ìlú ti ń wó nígbà náà, ewúrẹ́ ti ń gun orí rẹ̀ jẹko. Tí ènìyàn bá gbéra ní Ọjà'ba, tó gba Bẹẹrẹ kọjá, tó wá kọjú sí ọ̀nà Ìwó, bó bá ti yọ lẹ́yìn odi báyìí ni yóò kan igi àgbálùmọ̀ ńlá kan. Ibẹ̀ là ń pè ní Ìdí Àgbálùmọ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ. Ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ní Sátidé, ilé ẹ̀kọ́ kò sí. Àwọn tó ní oko etílé á ti lọ wo oko wọn láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti ń kúrò ní àtàrí, wọ́n á máa yà sí ìdí igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọ ìlú, ẹlòmíràn pẹ̀lú iṣu lórí, ẹlòmíràn pẹ̀lú òkété tó so mọ́ ọ̀pá. Àwọn ará ìlú tí kò ní oko rárá náà á rìn jáde. Wọ́n á ní àwọn ń lọ gba afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ wo? Ègbo Ìyá Elégbo ni wọ́n ń bá lọ.

Ègbo, fún ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ ẹ́ rí, àgbàdo ni. A ó sè é títí tí yóò fi tú, a ó wá bu ẹ̀wà lé e, a ó da ata tí wọ́n fi epo dín sí i lórí. Kí a tó rí Ìyá Elégbo la ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ ọlọ ń ha ìyá ọlọ, epo ń ta nínú ìkòkò, òun fúnra rẹ̀ sì ń pariwo lé àwọn ewúrẹ́ tó ti mọ ọjọ́ Sátidé ju ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Lọ́jọ́ ọdún Òkè'bàdàn nìkan ni ìdí igi yẹn máa ń dá páropáro, nítorí pé a kì í dáná lọ́jọ́ náà.

Kò sí abọ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn. Igbá ló ní, igbá ńláńlá, ọ̀kan fún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí o bá dá wá, kò ní bu tìrẹ lọ́tọ̀. Yóò wo igbá tí àyè ṣì wà nídìí rẹ̀, yóò ní, "Ẹ sún, ẹ sún! Ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ láyè. Àbí ẹ fẹ́ kó dá jẹun bí ológbò?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá alápatà jẹun, mo bá ọdẹ jẹun, mo bá ààfáà kan láti Yemetu jẹun tó ń fún mi ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan bí mo bá ti fún un ní lẹ́tà ABD kan. Ẹni tó dàgbà jù á kọ́kọ́ fọwọ́, omi náà á sì yí ká títí kan ẹni tó kéré jù, tí yóò máa fọ ọwọ́ tirẹ̀ nínú ohun tó ti di ọbẹ̀. N kò sọ pé ìyẹn dára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo rántí ọkùnrin kan tó ń fọ́nnu fún wa nídìí igbá pé òun ti wọ ọkọ̀ ojú irin dé Èkó lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe ń júwe òkun fún wa, àgbálùmọ̀ pípọ́n kan já, ó bọ́ gbàà sáàárín igbá, ata sì ta sí i lójú. Ó ń pariwo, ó ń wá omi kiri. Ìyá Elégbo kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní, "Òkun ló ta sí ọ lójú yẹn. Igi ti gbọ́ irọ́ tìrẹ tó."

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìyá yín àgbà, Àṣàkẹ́, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Bẹẹrẹ ni. Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni bó ṣe kù díẹ̀ kí n pàdánù rẹ̀, àti ohun kan tí mo wá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí n kò rí gbà.

Nígbà tí bàbá náà wà ní ọ̀dọ́, irin gbígbóná ti gé méjì nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kù sí ààbọ̀. Gbogbo Bẹẹrẹ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò mọ̀, bó bá rí ìka kúkurú wọ̀nyẹn nínú oúnjẹ, ọkàn rẹ̀ á lọ sí àrùn ẹ̀tẹ̀, á sì rọra fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá náà á kàn máa wo ẹni náà bí ẹni tó ń wo irin tí kò ṣeé rọ. Ó ti wá sọ fún gbogbo ilé rẹ̀ pé ẹni tí òun bá máa fún lọ́mọ, òun àti ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun nínú igbá kan.

Èmi mọ̀ nípa ìka náà. N kò mọ̀ nípa òfin yìí. Nígbà tí Àṣàkẹ́ wá ṣan aṣọ ní odò Ògùnpa, ó kàn sọ fún mi pé, "Bàbá mi á wà ní Ìdí Àgbálùmọ̀ ní Sátidé, tí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ àwọn eléèédú dé. Ẹ lọ jókòó ti igbá wọn, kí ẹ jẹun."

Mo ní, "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹun ni mo ní."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ̀yin tíṣà! Ṣé ẹnu tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹun ni?"

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn jù lójú mi. Àrùn àwa olùkọ́ nìyẹn, a kì í gba ohun tó rọrùn gbọ́. Mo ní àgbà tí mo fẹ́ kó fún mi lọ́mọ, ṣé ègbo lásán ni n ó lọ bá a jẹ? Mo fẹ́ fi nǹkan kún un. Ní kíláàsì mi nígbà náà, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí olúkúlùkù máa jẹun nínú abọ́ tirẹ̀ nítorí àrùn. Mo sì rí i pé ọ̀gá òyìnbó wa kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀. Mo rò pé ọlá ló fà á. Mo gba Gbági lọ, mo ra abọ́ tánganran funfun kan tí wọ́n ya òdòdó pupa sí létí, mo ra ṣíbí tì í. Wọ́n ní ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Abọ́ ni èmi kó ròde.

Mo tètè dé lọ́jọ́ náà. Mo gbé abọ́ fún Ìyá Elégbo, mo ní kó bu ti bàbá alágbẹ̀dẹ sínú rẹ̀ lọ́tọ̀, kí àwa yòókù jẹ nínú igbá. Ó wo abọ́, ó wò mí.

"Tíṣà, ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Kò sí, ìyá. Mo fẹ́ bu ọlá fún bàbá ni. Ìmọ́tótó náà sì ni."

"Ìmọ́tótó? Ọwọ́ ta ló wá dọ̀tí?"

"Kò yé yín ni, ìyá."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún obìnrin tó ti ń bọ́ ènìyàn kí wọ́n tó bí mi! Ó mi orí. Ó ní, "Tìrẹ ló yé ọ, ọmọ mi." Ó bu ú.

Bàbá dé, èédú wà léjìká rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Láti òkèèrè ló ti ń pariwo, "Ìyá Elégbo, ṣé ó jinná lónìí, àbí eyín la ó fi lọ̀ ọ́?"

"Ẹni tó ń lu irin, ṣé àgbàdo ló wá ń bà á lẹ́rù?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́, ó jókòó ti igbá kan tí ọkùnrin mẹ́ta ti wà nídìí rẹ̀. Ó rí mi, ó mọ ẹni tí mo jẹ́, ó sì sún díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó sún. Ó ṣe àyè fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ká ní mo jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ funfun náà síwájú rẹ̀.

"Bàbá, tiyín nìyí lọ́tọ̀."

"Lọ́tọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan tiyín, kí ẹ̀yin náà má fi ọwọ́ kan tiwọn."

Ọwọ́ àwọn mẹ́ta tó kù dúró nínú igbá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá yí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wò, inú àti ẹ̀yìn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, "Ta ló sọ fún ọ pé mo ní àrùn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ, bàbá! Kòkòrò kan ló wà tí ojú kò lè rí. Ọwọ́ gbogbo ènìyàn ló máa ń wà, pàápàá ọwọ́ tó bá..."

"Ọwọ́ tó bá kí ni?"

Ọwọ́ tó bá ti fara kan ìdọ̀tí ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kí n tó parí rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ti fi ọkàn ara wọn parí rẹ̀. A kì í ti ojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń kà.

Bàbá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó sọ fún àwọn mẹ́ta yẹn pé, "Ẹ máa jẹ ẹ́, á gba ibi ire." Ó gba ọ̀nà ìlú lọ láì tọ́ nǹkan kan wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ló wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà, kíláàsì ti tú o. Máa lọ sílé."

Nígbà tí mo tún rí Àṣàkẹ́ ní odò, kò kí mi. Ó ń fún aṣọ bí ẹni tó ń fún ọrùn mi.

"Mo ní kí ẹ jẹun."

"Àṣàkẹ́, mo fẹ́ bu ọlá fún..."

"Mo ní kí ẹ jẹun! Àwọn méjì tó fẹ́ fẹ́ mi ti wá ṣáájú yín. Wọ́n jókòó ti bàbá mi, wọ́n rí ìka bàbá, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyẹn dun bàbá mi. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé abọ́ wá láti ilé!"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òfin bàbá rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń hun aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun ló mú mi lọ bẹ bàbá alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ owú rẹ̀ lórí irin. Nígbà kejì, mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku èédú títí aṣọ mi funfun fi di dúdú, kò sì sọ ju "Mo ti gbọ́" lọ. Nígbà kẹta, ó ní kí a jókòó.

Ó ní, "Kò sí ìjà. Ọmọ mi ní tíṣà ni òun fẹ́. N kò ní fi ìka mi dí ọ̀nà mọ́ ọn."

Inú ẹ̀gbọ́n bàbá mi dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. A pa obì, a jẹ ẹ́. Nígbà náà ni wọ́n gbé oúnjẹ jáde. Wọ́n gbé abọ́ ńlá kan sáàárín bàbá àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Èmi náà ti fọwọ́, mo ti sún mọ́ ọn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Rárá o. Ẹ bu ti tíṣà lọ́tọ̀. Ọlá ni ká fi fún wọn."

Wọ́n gbé tèmi wá, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ títí mo fi pa ẹnu dé.

Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ọjọ́ náà. Mo fẹ́ Àṣàkẹ́, a bí bàbá yín àti àwọn àbúrò rẹ̀, bí mo bá sì ti lọ kí àwọn àna mi, wọ́n á tẹ́ ẹní fún mi lọ́tọ̀, wọ́n á bu tèmi lọ́tọ̀. Bí mo bá lọ sí Ìdí Àgbálùmọ̀ ní Sátidé tí mo rí bàbá nídìí igbá, yóò kí mi dáadáa, yóò béèrè àwọn ọmọ, yóò sì ní, "Tiwa ti kún o, tíṣà." Ta ni n ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Kò bú mi. Kò lé mi. Ẹran tó tóbi jù ni tèmi. Bí mo bá ní wọ́n ń yà mí sọ́tọ̀, wọ́n á ní ọlá ni, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́ wa ni? Ní kíláàsì, mi ò lè dá ẹ̀kọ́ náà dúró mọ́. Àwọn ọmọ ti gbé e délé, ìyá wọn ti ń ra abọ́. Ní Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnkà, gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń fi abọ́ tánganran hàn mí, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àìsàn inú dínkù lára àwọn ọmọ. N kò ní sẹ́ ẹ. Ẹ máa fọ ọwọ́ yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ni. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya abọ́ sọ́tọ̀, n kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sún kí ẹlòmíràn ráyè jókòó. Ìdajì tí mo kọ́ yẹn náà ló sì dé ọ̀dọ̀ yín.

Nígbà tí bàbá di arúgbó, kò lè rìn dé Ìdí Àgbálùmọ̀ mọ́. Àwọn tó máa ń bá a jẹun níbẹ̀ ti kú tán. Àṣàkẹ́ ló ń lọ sè fún un. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo bá wọn nílé bàbá. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú igbá ńlá kan níwájú rẹ̀, igbá ẹni mẹ́rin, òun nìkan sì ni. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni bu nǹkan kan fún mi. Mo fọwọ́, mo jókòó tì í, mo ní, "Bàbá, mo wá bá yín jẹun."

Ó mọ ohùn mi. Mo ki ọwọ́ bọ inú igbá, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìka rẹ̀ wà gan-an. Ọwọ́ wa kanra. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì rò pé mo ti rí i gbà.

Ó wá yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nà án síta fún omi.

"Bàbá," Àṣàkẹ́ ní, "ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ bù."

"Mo ti yó. Ẹ jẹ́ kí tíṣà jẹ ẹ́ tán."

Ènìyàn kì í kọ oúnjẹ tí bàbá ìyàwó rẹ̀ bá ní kó jẹ tán. Àṣàkẹ́ bu omi sí i lọ́wọ́, ó nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán.